Àlàájà Kì í Fi Afẹ́fẹ́ Ránṣẹ́

"Bíg Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ bá mi rò ó. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà kó lè gbẹ. Bàtà ò kúkú lè dá rìn."

"Tìẹ máa ń sáré ni," Gbémi dáhùn látinú aṣọ ìbora lórí ibùsùn òkè. "Bóyá ó ti ṣáájú ẹ gun òkè lọ."

Ọmọ́yẹni kò rẹ́rìn-ín. Ó tún da àyà délẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ó fa àpótí Gbémi jáde, ó fa ìkòkò ìrẹsì jáde, ó fa ìbọ̀sẹ̀ kan tí kò ní èkejì jáde. Bàtà kò sí níbẹ̀. Yàrá kan péré ni àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń san owó bedspace, owó ibùsùn lásán, sí ní Hor Al Anz ní Dubai, kọ́tìnì ló pín in, AC kan ṣoṣo ló ń kùn lórí gbogbo wọn. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ níbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnìkan ni yóò kọ́kọ́ rí i. Báwo wá ni bàtà ràgàjì tó ní eyín lábẹ́ bíi táyà katakata ṣe máa sọnù?

Àlàájà Mùlíkàt jókòó sétí ibùsùn ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá Ọmọ́yẹni, òun ló tọ́ ọmọ náà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun náà ló sì mú un wá sí Dubai. Ọjà ló ń rà ní Deira, tó ń kó o ránṣẹ́ sí Èkó. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ káàkiri àwọn ìsọ̀ ibẹ̀. Bó bá dúró ná ọjà, àwọn ará Íńdíà a máa bẹ̀ ẹ́ kó kúkú gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́," ni Àlàájà wí. "Ta ló ń lé ẹ? Kí lo sọ nù sórí òkè? Àwọn tó nilùú gan-an, inú mọ́tò tútù ni wọ́n ti ń wò ó. Ewúrẹ́ ló ń gbébẹ̀, ewúrẹ́ ọ̀hún náà, bó bá rí ibi tó tẹ́jú, á kó lọ. Ìwọ tí wọ́n bí sí Mushin, tí o ò mọ òkè kankan ju òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, o wá sọ ara ẹ di alángbá àpáta."

"Bíg Mọ́mì, ọ̀la ni o."

"Ṣé mo ní lónìí ni?"

"Àbí ẹ kó o mọ́ ẹrù àná?"

"Èmi? Bàtà tó rùn báyẹn? Kí n wá fi ránṣẹ́ sí ta ni, sí ọ̀tá mi?"

Irọ́ kọ́ ló pa. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló sọ. Àmọ́ bó ṣe gbé ife sẹ́nu, ojú rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, síbi tí àwọn páálí ẹrù rẹ̀ wà títí di àná kí wọ́n tó wá kó wọn lọ. Ó mu ẹnu kan, ó sì gbé ife náà sórí itan.

Àlàájà kì í fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, gbogbo Al Muteena, àdúgbò àwọn tó ń di ẹrù ránṣẹ́, ló sì ti gbọ́ ọ. Owó àyè ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń gbà, wọn kì í bèèrè bóyá nǹkan wà nínú àyè náà tàbí kò sí. Nítorí náà, bí Àlàájà bá di kúlà oúnjẹ, kékeré á wà nínú ńlá, inú kékeré á kún fún ṣíbí, ihò tó bá ṣẹ́ kù á gba ìró, ìbọ̀sẹ̀, sálúbàtà, ohunkóhun tó bá ṣáà lè tẹ̀. Gbogbo ará ilé ló mọ òfin náà: ẹni tó bá ní ẹrù kékeré tó fẹ́ kó bá a délé lọ́fẹ̀ẹ́, kó gbé e sórí páálí. Ohun tó bá ti wà lórí páálí, ti Èkó ni. Bẹ́ẹ̀ ni Gbémi ṣe ń wọ àwọn ọmọ rẹ̀ láṣọ láti ìgbà tó ti dé.

Lánàá, Àlàájà ń di kúlà tó tóbi jù nínú gbogbo wọn. Fóònù wà láàárín etí àti èjìká rẹ̀, oníbàárà kan ń yọ ọ́ lẹ́nu láti Ìdúmọ̀tà, Waheed tó ń bá a di ẹrù sì dúró tì í, ó ń fa téèpù. Ihò kan kù. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn sórí páálí, ọwọ́ rẹ̀ ba nǹkan, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó sì ń bá oníbàárà rẹ̀ jà lọ. Ọmọ́yẹni, tó ti ibi iṣẹ́ òru dé pẹ̀lú oorun lójú, kò lè rántí mọ́ bóyá ilẹ̀ ló gbé bàtà sí tàbí orí páálí.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́ nígbà tó kúrò lẹ́nu Àlàájà ti di irọ́ kí tíì tó dé inú rẹ̀.

Ó yẹ kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sọ ọ́.

Síkíọ́rítì ni Ọmọ́yẹni ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé kan ní Al Warqa. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ máa parí lópin oṣù, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ti ní àwọn ò ní tún físà ẹnikẹ́ni ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà á lọ sórí òkè lọ́jọ́ ìsinmi kan, ni ẹsẹ̀ ọmọ náà ti rí ohun tó ń wá. Òyìnbó obìnrin kan wà, ará Switzerland, tó ń mú àwọn àlejò rìn láàárín àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Khor Fakkan, nílẹ̀ Sharjah. Wọ́n ní ní abúlé tí wọ́n ti bí i, òkè dé wọn lórí bíi fìlà, bí ọmọ ibòmíràn ṣe ń sáré lọ ra búrẹ́dì ni ọmọ tiwọn ń sáré gun òkè. Obìnrin yìí ló ń ṣètò eré ìje lọ́dọọdún ní abúlé olókùúta kan níbẹ̀. Lọ́dún yìí, tí eré náà bọ́ sí ọ̀la, ó ní obìnrin mẹ́ta tó bá kọ́kọ́ wọlé, òun á gbà wọ́n síṣẹ́ afinimọ̀nà, pẹ̀lú físà, pẹ̀lú yàrá. Bí Ọmọ́yẹni bá bọ́ sáàárín mẹ́ta, ó dúró. Bí kò bá bọ́ sí i, Èkó yá.

Ní Èkó sì rèé, ṣọ́ọ̀bù Àlàájà wà ní Ìdúmọ̀tà, ọmọbìnrin tó ń bá a jókòó sí i sì ń ṣa ọjà rẹ̀ jí bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Láti ọdún tó kọjá ni Àlàájà ti ń fẹ́ kí Ọmọ́yẹni lọ gba kọ́kọ́rọ́. Ó ti sọ ọ́ fún un. Ọmọ náà ní, "Ó dáa, Bíg Mọ́mì," ó sì tún sá gun òkè lọ.

Ní báyìí, kò pọn dandan kí Àlàájà bá a jiyàn mọ́. Kó ṣáà mu tíì rẹ̀.

Kò lè mu ún. Ó ju abáyà wọ̀, ó ní òun ń bọ̀, ó sì ń wọ́ orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún lọ sí Al Muteena.

Waheed, ọmọ Pakistan, ti rán àpò bo ẹrù náà tán. Ó dúró síwájú ìsọ̀, ó ń fi ìka ta téèpù rẹ̀ bí ẹni ń yẹ ilù wò.

"Mama, salaam alaikum! Cargo ready. Before Jumu'ah, lorry coming, yalla, port!"

"Wa alaikum salaam. You don sew am finish?"

"Khalas, Mama. Very strong. Bomb also cannot open."

Àlàájà gbé ọwọ́ lé ẹrù náà. Ó ga dé àyà rẹ̀, ó le bí ògiri. Kúlà tí àwọn èèyàn máa fi gbé oúnjẹ ìṣínu lọ́jọ́ ààwẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi yìí bá lọ láìgbé e, kí ẹrù náà tó dé Èkó, àwọn tó máa rà á á ti rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdí gidi nìyẹn. Ìdí tí oníṣòwò kankan ò lè bá a jà sí. Ó di ìdí náà mú bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣe ń di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.

"Mama, problem?"

"No problem. I just come greet you."

Waheed wò ó láti òkè délẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, Mama kò wá kí i rí láìjẹ́ pé ó gbé ìjà dání.

"Mama," ó wí, ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀, "you sick?"

Nígbà tí Àlàájà ń padà bọ̀, ó yà sí ìsọ̀ bàtà kan, ó sì ra èyí tó wọ́n jù níbẹ̀. Kò ná an. Ọkùnrin tó tà á fún un ṣì ń wò ó lẹ́yìn nígbà tó jáde, bí ẹni tó ń dúró de apá kejì ọ̀rọ̀.

Ọmọ́yẹni kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba bàtà náà.

"Bíg Mọ́mì! Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ ò ní ṣe aláìní." Ó yí i sókè, ó yí i sódì, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Kò tẹ̀. "Màá wọ̀ ọ́."

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa." Ó tún tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Tuntun kàn máa ń bó èèyàn lẹ́sẹ̀ lórí àpáta ni, pàápàá téèyàn bá ń bọ̀ wálẹ̀. Tàtijọ́ yẹn ti mọ ẹsẹ̀ mi. Àmọ́ màá fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ kí n tó wọ̀ ọ́. Ó yá, ẹ gbé ẹsẹ̀ tiyín wá, kí àsìkò Jímọ̀ má lọ."

Láti ìgbà tí orúnkún Àlàájà ò ti jẹ́ kó lè tẹ̀ mọ́, ọmọ yìí ló ń bá a gé èkánná ẹsẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀ kó tó lọ sí mọ́sáláṣí. Ẹnikẹ́ni ò rán an. Lọ́jọ́ kan ló rí i tí Àlàájà ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó gba ìgékànná lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di tirẹ̀ títí dòní. Ó tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ó jókòó síwájú ibùsùn, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún Àlàájà lé itan.

"Èkánná yín yìí, Bíg Mọ́mì. Ó ti le bí ìkarahun."

Gbogbo Jímọ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo Jímọ̀ ni Àlàájà máa ń fún un ní èsì tí Gbémi á fi rẹ́rìn-ín títí tí ibùsùn òkè á máa mì. Lónìí, "hùn" nìkan ni Àlàájà wí.

Ìgékànná ń dún, ká, ká.

"Bíg Mọ́mì, bí n ò bá bọ́ sí i lọ́la, ẹ má rò pé màá máa bínú káàkiri o. Màá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín dáadáa. Kò sẹ́ni tó máa mú abẹ́rẹ́ yín níbẹ̀ mọ́. Mo kàn fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ ná ni. Kó má di pé mo jókòó síbẹ̀, tí mò ń wo ọjà, tí mò ń ro òkè."

Ó ń sọ ọ́, ó ń gé e lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gé ti ọmọ ìkókó. Àlàájà wo àárín orí rẹ̀, níbi tí irun ti pín sí méjì, ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fi òòyà yà fún un láti kékeré. Ojú rẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọmọ náà lórí ọ̀rá. Èkánná àtàǹpàkò rẹ̀ kan ti dúdú. Èyí tó tẹ̀ lé e ti bọ́, ẹran pupa tínínrín ló wà níbẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ rí báyìí ló jókòó tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ òun.

"Fi sílẹ̀," ni Àlàájà wí.

"Ẹsẹ̀ òsì ló kù, mà."

"Mo ní kí o fi sílẹ̀!"

Ó dìde láìwá gèlè. Sálúbàtà méjì tó kì bọ ẹsẹ̀, ti Gbémi ni ọ̀kan.

Ọkọ̀ akẹ́rù ti fi ẹ̀yìn sọ́dọ̀ ìsọ̀ nígbà tó dé. Waheed àti awakọ̀ ti gbé ẹrù náà débi ìdajì.

"Waheed! Put am down!"

"Mama, lorry is—"

"I say put am down. Open am."

"Open?" Waheed fọwọ́ lé orí. "Mama, all morning I sewing! My finger finish!"

"You say bomb no fit open am. Oya, bring knife. Na me be the bomb."

Awakọ̀ fọn fèrè. Àlàájà yíjú sí i, ó fi ọwọ́ mú ìbàdí.

"You. Press am again. Press am, make I see."

Awakọ̀ náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì rọra gbé e kúrò lórí fèrè.

Àlàájà gba ọ̀bẹ. Ó ya àpò náà láti òkè délẹ̀, téèpù ń han bí aṣọ tí wọ́n ń fà ya. Kúlà jáde, kúlà bí kúlà, ṣíbí dà sílẹ̀, aṣọ àwọn ọmọ Gbémi fò jáde, ìdérí kan yí gbirigbiri gba àárín títì lọ, Waheed sì sá tẹ̀ lé e, ó ń pe Ọlọ́run ní èdè baba rẹ̀. Láti mọ́sáláṣí tó wà nítòsí, wọ́n ti ń pe ìrun. Àlàájà dé orí kúlà tó tóbi jù. Ó ṣí i. Òórùn ló kọ́kọ́ kí i. Lẹ́yìn náà ló wá rí i: bàtà méjèèjì, tí wọ́n fẹnu ko ẹnu, òkúta wẹ́wẹ́ orí òkè ṣì há sí eyín wọn.

"For shoe, Mama?" Waheed ti padà dé pẹ̀lú ìdérí lábẹ́ apá. "All this, for old shoe?"

"Shut up, habibi," ni Àlàájà wí, ó sì fi etí abáyà nu ojú.

Ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Kò gbé ẹrù ààwẹ̀ lọ.

"Inú kúlà ló wà," ni Àlàájà sọ nígbà tó délé. "Èmi ni mo kó o mọ́ ẹrù."

Ọmọ́yẹni ké, ó fò mọ́ ọn, ó gbé e kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo bó ṣe sanra tó. Lẹ́yìn náà ló wá dúró. "Ẹ tú ẹrù? Ẹrù ààwẹ̀?"

"Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀."

Ìyókù ọ̀rọ̀ náà, èyí tó nípọn níbẹ̀, kò jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Olúṣẹ̀san, ọmọ Yorùbá kan tó ń tún mọ́tò ṣe ní Sharjah, tí òun náà ń sáré lórí òkè, ló wá gbé wọn. Àlàájà ti jókòó síwájú kí ẹnikẹ́ni tó pè é, ó gbé kúlà mọ́ínmọ́ín lé itan.

"Ẹ̀yin náà ń bá wa lọ, mà?" ni Olúṣẹ̀san bi í.

"Kí n má lọ ni? Ẹrù mi wà nílẹ̀ ní Al Muteena nítorí òkè yìí. Ó yẹ kí n lọ rí ojú ẹ̀."

Nígbà tí títì gba inú ihò tí wọ́n lu sára òkè kọjá, ó pariwo. "Ẹ wò ó! Wọ́n lu òkè já kí èèyàn má baà gùn ún mọ́, ẹ̀yin wá ń gun ẹ̀yìn ẹ̀. Ṣé ẹ ò rí ọ̀nà ni?"

Ọmọ́yẹni rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó jọ pé ẹ̀rín náà tú nǹkan kan sílẹ̀ lára rẹ̀, torí ó sùn títí wọ́n fi dé.

Abúlé náà jókòó sínú kòtò òkè, ilé òkúta, igi dábínù, omi tóóró kan tó ń ṣàn gba ojú ọ̀nà rẹ̀ lọ. Òkè wà níwájú, òkè wà lẹ́yìn, pupa rúsúrúsú, kò sí ewé kan lórí wọn. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè, àwọn eléré dà lọ sójú ọ̀nà ewúrẹ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dà bí ìrẹsì tí ẹnìkan dà sára àpáta. Àlàájà wá ojú Ọmọ́yẹni láàárín wọn tì. Kò rí ọmọ rẹ̀ mọ́.

Òyìnbó obìnrin náà gbé àga wá fún un. Irun rẹ̀ funfun, ojúgun rẹ̀ sì le bí igi. Àlàájà wò ó dáadáa kó tó jókòó.

"Madam, that your village wey una dey run for mountain. Who dey pursue una?"

Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ìyá ìyá òun ni, pẹ̀lú ọ̀pá, lọ́jọ́ tí òun bá gbàgbé màlúù sórí òkè. Àlàájà ṣí kúlà, ó fún un ní mọ́ínmọ́ín. Ẹni tí ìyá àgbà fi ọ̀pá tọ́, èèyàn òun ni.

Oòrùn ń le. Àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ ń wọlé, wọn ò jámọ́ nǹkan kan lójú Àlàájà. Obìnrin àkọ́kọ́ wọlé, ọmọ Kenya, ó rí bí ẹni pé kò tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Èkejì wọlé, ọmọbìnrin onílẹ̀ kan tó fi ìbòrí bo irun, gbogbo abúlé sì hó fún un. Lẹ́yìn náà, ojú ọ̀nà dá. Ó dá títí tí Àlàájà fi dìde lórí àga, tó jókòó, tó tún dìde.

Ẹni méjì yọ léjìká òkè. Ọ̀kan wọ pupa, ó wà níwájú. Ọ̀kan wọ yẹ́lò.

"Yẹni mi nìyẹn!"

Láti ibẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, òkúta tí kò dúró sójú kan ni gbogbo ọ̀nà. Aláṣọ pupa ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ sí, ó ń na ọwọ́ méjèèjì bí ẹyẹ. Oníyẹ́lò kò wá nǹkan kan. Ó ń bọ̀ wálẹ̀ bí omi, bàtà rẹ̀ ń jẹ òkúta mú, ó ń tú u sílẹ̀, ó ń jẹ òmíràn mú. Àlàájà ti dé etí okùn kó tó mọ̀ pé òun ń sáré.

"Yẹni! Wo ilẹ̀! Má wo ilẹ̀! Má ṣubú o!"

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ okùn ní kó jọ̀wọ́ padà sẹ́yìn. Àlàájà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń ti kọ́tìnì.

"Ṣé o gbọ́ mi? Ṣebí mo ń bi ẹ́ ta ló ń lé ẹ? Èmi ni! Èmi ni mò ń lé ẹ! Sáré!"

Ní ẹsẹ̀ òkè gan-an, níbi omi tóóró yẹn, yẹ́lò kọjá pupa. Nígbà tí Ọmọ́yẹni kọjá okùn, ó gba àárín gbogbo èèyàn já, ó sì ṣubú sí àyà Àlàájà pẹ̀lú òógùn, eruku àti ẹ̀jẹ̀ orúnkún. Òyìnbó náà na ìka mẹ́ta sókè lẹ́yìn wọn, ó ń mi orí, mọ́ínmọ́ín wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó rí ibi jókòó sí lábẹ́ igi dábínù. Ọmọ́yẹni wà lórí òkúta, ó ń mu omi. Àlàájà wò ó.

"Yẹni."

"Mà."

"Àárọ̀ àná, n ò tíì mu tíì yẹn tán tí mo ti mọ ibi tí bàtà ẹ wà. Mo dé ọ̀dọ̀ Waheed. Mo fọwọ́ kan ẹrù náà. Mo tún yí padà wálé. Ṣọ́ọ̀bù ni mò ń rò."

Ọmọ́yẹni dé ike omi rẹ̀. "Mo mọ̀."

"O mọ̀? Ta ló sọ fún ẹ? Ọmọ Pakistan yẹn?"

"Ẹ̀yin ni. Mo ní èkánná yín le bí ìkarahun, ẹ ò bú mi. Bíg Mọ́mì, ẹ̀yin kì í dákẹ́."

Àlàájà yí ojú sí òkè. "O wá mọ̀, o sì ń gé e lọ."

"Jímọ̀ ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé omi tutù.

"Ìgékànná ńkọ́?" ni Àlàájà bi í.

"Ó wà nínú báàgì mi. Mo mú un wá, ẹsẹ̀ òsì yín ló kù."

"Mú un wá."

Ó gbà á. Lẹ́yìn náà ló gbá òkúta kan mú, ó rọra fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ké, òun náà ń ké lé e lórí, títí ó fi jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú ọmọ náà. Ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan ara rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà.

"Bíg Mọ́mì! Rárá o! Ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá!"

"Kí wọ́n máa wò. Ẹsẹ̀ tó fẹ́ máa fi ọ̀nà han òyìnbó, ṣé báyìí ló máa rí? Jókòó jẹ́ẹ́."

"Ṣọ́ọ̀bù wá ńkọ́?"

"Ṣọ́ọ̀bù ò kúkú lè sáré. Á dúró dè mí títí n ó fi rí ẹlòmíràn. Mo ní kí o jókòó."

Fóònù rẹ̀ dún. Waheed ni.

"Mama, I packing again. Small cooler inside, spoon inside, baby cloth inside. Big cooler still have hole. What I put?"

Àlàájà wo bàtà tó ti bọ́, tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ahọ́n rẹ̀ níta bí ajá tó sáré dé.

"Nothing."

"Nothing? Mama, only air?"

"Leave am so. Make the air go Lagos."

Ó pa fóònù. Ó fẹ́ eruku kúrò lórí àtàǹpàkò ọmọ rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé èkánná rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.